Go-slow Ọjọ́ta ló jẹ owó ìwádìí mi: ìrírí mi lórí DNA tí ìtànṣán gé

₦180,000 ni mo kọ sínú ìwé ìnáwó mi fún ìdánwò yìí. Nígbà tí mo fi máa parí rẹ̀, ó ti lé ní ₦430,000, oṣù mẹ́rin sì ti bá a lọ. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o, oògùn ò sì bàjẹ́. Ohun tó jẹ mí lówó ni pé sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ mi yára jù mí lọ, èmi ò sì mọ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí pé ó wà nínú ìwé tí mo kà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Mo fò ó.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Mo fẹ́ fi ìtànṣán (radiation, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ) lu ẹ̀jẹ̀, kí n wá wo bí DNA inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ṣe gé tó. Comet assay ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí mo gbà. Ẹ ó po sẹ́ẹ̀lì mọ́ agarose, tó rí bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, ẹ ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ẹ ó fi omi oníyọ̀ àti oògùn bó ara sẹ́ẹ̀lì kúrò títí á fi ku DNA nìkan, ẹ ó wá fi iná mànàmáná fà á. DNA tó pé á dúró sójú kan, rogodo bí òṣùpá. Èyí tó bá ti gé, àfọ́kù rẹ̀ á sáré tẹ̀lé iná, á yọ ìrù bí ìràwọ̀ oníìrù. Bí ìrù bá ṣe gùn sí, bẹ́ẹ̀ ni ìpalára ṣe pọ̀ sí. Östling àti Johanson ló gbé e jáde ní 1984. Ní 1988, Singh àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo omi alkali tí pH rẹ̀ ju 13 lọ, èyí tó ń tú okùn DNA méjèèjì kúrò lára wọn, tí a fi lè rí i bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé okùn kan péré ló já. Ti Singh yìí ni mo ṣe.

Mi ò ní máa ka bí wọ́n ṣe ń gba ìwé àṣẹ, bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ (ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo lò) tàbí bí wọ́n ṣe ń po oògùn. Ẹni tó bá ti wọ lábù rí mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ kọ́kọ́ fi agarose lásán kun gíláàsì, kó gbẹ mọ́jú, kí ẹ tó tẹ́ èyí tó ní sẹ́ẹ̀lì lé e lórí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sínú omi bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ. Tèmi ò bọ́ rí, ẹyọ kan kò bọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yangàn díẹ̀, torí ohun tó kù kò ṣeé yangàn sí.

Yunifásítì wa ò ní ẹ̀rọ ìtànṣán. Ilé ìwòsàn kan ní Mainland l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ, ló gbà kí n máa wá láàárọ̀ kí àwọn aláìsàn tó wọlé. Lábù wa sì wà lẹ́yìn Berger. Ẹ̀gbọ́n onífísíìsì tó ń darí ẹ̀rọ náà bá mi to ìgò mẹ́rin: ó fi ọ̀kan sílẹ̀ láìlù, ó fún àwọn yòókù ní Gy 1, Gy 2 àti Gy 4 (Gy, ìyẹn gray, ni wọ́n fi ń wọn bí ìtànṣán tó wọ nǹkan ṣe pọ̀ tó). Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Bó ṣe ń kó wọn fún mi, ó ní, "Àbúrò, o ò mú yìnyín wá?" Mo ní, "Rárá sà, wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì." Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan mọ́. Títí di òní ni mo ń rò ó pé ká ní ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i ni!

Tánkà kan ti ṣubú sí Ọjọ́ta lọ́jọ́ náà. Wákàtí méjì àti 40 ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní AC, ìgò ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin lórí itan mi. Ọmọ kan tó ń ta omi tútù wá kan wíńdò mi, abọ́ rẹ̀ kún fún yìnyín. Mo ní mi ò fẹ́.

Nígbà tí mo wo gíláàsì lábẹ́ maikirosikóòpù lálẹ́ ọjọ́ náà, òṣùpá ni mo rí. Òṣùpá níbi tí mi ò lù, òṣùpá ní Gy 1, òṣùpá ní Gy 4. Kò sí ìrù kankan.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Agarose ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo ra òmíràn, ọ̀wọ́n gógó. Òṣùpá. Mo ní bóyá iná ni, torí NEPA mú iná lọ níbi tí ó ti ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ó pé ìṣẹ́jú 25 tí iná yẹ kó fi fa DNA, mo wá fi owó ara mi ra ínfátà kékeré kan tó lè gbé ẹ̀rọ tó ń fà á. Mo padà lọ sí ilé ìwòsàn, mo tún lu ẹ̀jẹ̀, mo tún padà wá nínú go-slow. Òṣùpá. Mo da omi tí wọ́n fi ń bó sẹ́ẹ̀lì nù, mo po òmíràn, mo wọn pH rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Òṣùpá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní lábù bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Olóṣùpá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo mú ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò lù, mo fi hydrogen peroxide pa á lára nínú lábù níbẹ̀, lórí yìnyín, bí ìwé ṣe wí, mo sì gbé e sórí gíláàsì kíákíá. Ìrù yọ! Ìrù gígùn, bí ti ẹyẹ ọ̀kín. Oògùn mi dáa nìyẹn, iná mi dáa, ọwọ́ mi náà dáa. Ṣé ẹ wá rí ohun tí mo fi àlàyé yẹn ṣe? Mo lọ sọ fún Prof pé ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni kò ṣiṣẹ́. Prof pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n náà bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, torí àwọn èèyàn ló ń lọ sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́. Ó fi ìwé tí wọ́n fi ń wọn agbára ìtànṣán láràárọ̀ hàn mí, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí wọ́n wá yẹ ẹ̀rọ wò, ó ní kí n tún wá, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Títì dá páropáro. Ìṣẹ́jú 28 ni mo fi dé lábù. Nígbà tí mo wo Gy 4, mo rí ìrù. Kúkúrú ni, bí ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ìrù ni. Mo jókòó ti maikirosikóòpù náà, mo ń ka ìṣẹ́jú lórí ìka: wákàtí méjì àti 40 ìṣẹ́jú, òṣùpá, ìṣẹ́jú 28, ìrù ewúrẹ́. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ orí itan mi ti ń tún DNA rẹ̀ ṣe nígbà tí èmi ń bínú sí tánkà.

Mo padà sídìí ìwé, mo wá fi ìrìn àjò ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn wọn ohun tí wọ́n kọ. Nígbà tí ìtànṣán kọlu sẹ́ẹ̀lì, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ba DNA ní tààrà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpalára náà wá láti inú omi: ìtànṣán fọ́ omi inú sẹ́ẹ̀lì, àfọ́kù omi yẹn, hydroxyl, ló lọ bu DNA jẹ. Gy 1 máa ń já okùn kan ní nǹkan bí 1,000 ibi nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ó sì máa ń já okùn méjèèjì pa pọ̀ ní bí ibi 35. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po mẹ́rin fún Gy 4 mi.

Kí n tó san owó páàkì ní géètì ilé ìwòsàn, purotéènì kan tó ń jẹ́ PARP1 ti dúró sórí àwọn ibi tí okùn kan já, ó sì ti ń ké sí XRCC1, tó ń kó àwọn tó ń dí àlàfo àti àwọn tó ń lẹ okùn pọ̀ wá. Ti ibi tí okùn méjèèjì já ló le jù, torí kò sí okùn kejì tí wọ́n á fi ṣe àwòkọ. Níbẹ̀, purotéènì méjì, Ku70 àti Ku80, á para pọ̀ di òrùka, wọn á wọ orí okùn tó já bí ìgbà tí èèyàn wọ òrùka sọ́wọ́, kí ó má bàa tú sí i. Àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ń pa pọ̀ pè ní MRN á jí purotéènì kan tó ń jẹ́ ATM. ATM yìí ni mo fẹ́ràn jù. Bí ọdẹ àdúgbò tó gbọ́ ìró olè ló rí: ó ń fọn fèrè, ó ń sáré káàkiri, ó sì ń lẹ fọ́sífétì mọ́ H2AX, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì tí DNA wé mọ́, títí dé ibi tó jìnnà gan-an sí ojú ọgbẹ́. 1998 ni Rogakou àti Bonner ṣàwárí àmì yìí ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ló fi ń dé góńgó. Nígbà yẹn, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá Maryland. ATM kan náà ló ń ran purotéènì p53 níṣẹ́ pé kí sẹ́ẹ̀lì má tíì pín. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìní ATM tó dáa, ìtànṣán díẹ̀ máa ń ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́ gan-an.

Sẹ́ẹ̀lì tó ti da DNA rẹ̀ kọ, tó ń múra láti pín, lè fi ẹ̀dà kejì ṣe àwòkọ, ibẹ̀ ni àwọn purotéènì BRCA2 àti RAD51 ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń rìn lára wa ní tirẹ̀ ń sinmi ni, kò ní ẹ̀dà kejì. Ńṣe ló ń fa orí méjèèjì wá pàdé, tí DNA-PKcs á dì wọ́n mú, tí ligase IV á sì lẹ̀ wọ́n. Nígbà míì lẹ́tà kan tàbí méjì á bọ́ sọnù níbẹ̀, bí aránṣọ tó fi ìkánjú gán aṣọ. Iṣẹ́ ṣáà lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn okùn kan tó já ti di lílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Díẹ̀ nínú ti okùn méjèèjì ló máa ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí falẹ̀. Nítorí náà, kí n tó rí ẹ̀yìn tánkà ní Ọjọ́ta, ohun tí mo fi owó lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n fún Lindahl, Modrich àti Sancar ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015 lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tún DNA ṣe. Èmi fi ₦250,000 kọ́ ọ.

Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ Ẹ̀gbọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí àwọn màmá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí ló dé tí mo rò pé wọ́n fi ń wá láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, tí a kì í fún wọn ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Gy 2 lóòjọ́, kí ara tó dáa lè rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe, torí jẹjẹrẹ kì í sábà mọ àtúnṣe tó o. Lójú mi ló ti ń ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Lẹ́yìn náà, mo ra yìnyín. Mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo da omi díẹ̀ sí i, mo ki ìgò bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lù ú, wọn ò sì kúrò nínú rẹ̀ títí mo fi dé lábù. Òtútù ò pa ẹ̀jẹ̀. Dídì gbagidi ló ń pa á. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń ṣe àtúnṣe yẹn, ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa nínú òtútù bẹ́ẹ̀, ọgbẹ́ á wà bó ṣe wà. Gy 4 yọ ìrù tó bò mí lójú. Mo wá gbé ìgò yòókù sínú omi 37°C, mo ń yọ wọ́n ní ìṣẹ́jú 5, 15, 30, 60 àti 120, mo ń kì wọ́n padà sínú yìnyín. Mo jókòó, mo ń wo bí ìrù ṣe ń súnkì láti gíláàsì dé gíláàsì, mo sì pariwo débi pé ọ̀gá aṣọ́nà wá kanlẹ̀kùn.

Bí mo bá tún un ṣe, hydrogen peroxide ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, kí n tó náwó sórí ohunkóhun, kí n mọ̀ pé lábù mi kọ́ ló jẹ̀bi. Mi ò tún ní ra ínfátà, mo máa yá a ni. Màá máa kọ aago sára ìgò: ìgbà tí wọ́n lù ú, ìgbà tó wọ yìnyín, ìgbà tó jáde. Bí àgbàlagbà bá sì bi mí ní ìbéèrè kan, màá bi òun náà pé kí ló dé.

Mi ò ju àwòrán ọjọ́ àkọ́kọ́ nù. Ó wà nínú tíísíìsì mi, lẹ́yìn ti ìṣẹ́jú 120. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Gy 4, ìṣẹ́jú 160, Ọjọ́ta. Prof ní kí n yọ Ọjọ́ta kúrò.