Ibo ló yẹ kí sọ́fúwíà kó fáìlì tó jẹ́ ti mẹ́ṣìn kan ṣoṣo sí lórí Linux?

Ká ní ẹ kọ sọ́fúwíà kékeré kan, ẹ sọ ọ́ ní oja, ẹ wá fẹ́ gbé e sórí sáfà Linux. Ó máa ní sẹ́tìn, dátà, lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀), ọ̀pọ̀ wa kàn máa ń rọ́ gbogbo ẹ̀ sínú fódà kan ni, ó ṣáà ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí a bá fẹ́ kó lọ sórí sáfà mìíràn ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: tí mo bá gbé fáìlì yìí sórí mẹ́ṣìn kejì, ṣé ó ṣì máa bá a mu? Tó bá bá a mu, bíi prógíráàmù fúnra ẹ̀, /usr ló ń lọ, tàbí /usr/local tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kó o síbẹ̀.

Tí ò bá bá a mu, ti mẹ́ṣìn yẹn nìkan nìyẹn. Ta ló wá ń kọ ọ́? Tó bá jẹ́ èèyàn ló ń fi nano (prógíráàmù tí wọ́n fi ń tún ọ̀rọ̀ inú fáìlì kọ) ṣí i láti yí sẹ́tìn padà, /etc/oja. Tó bá jẹ́ sọ́fúwíà ló ń kọ ọ́, ẹ gbé e lọ sí /var.

Inú /var gan-an lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ká ní ẹnìkan pa fáìlì yẹn rẹ́ lóru, tó bá jẹ́ pé ẹkún lẹ máa sun, /var/lib/oja ni, tó bá jẹ́ pé sọ́fúwíà á kàn tún un ṣe, bóyá kó falẹ̀ díẹ̀, /var/cache/oja ni. Lọ́ọ̀gì, /var/log. PID (nọ́ńbà tí Linux fún prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́) àti socket (ojú ọ̀nà tí àwọn prógíráàmù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀), /run, inú RAM nìyẹn máa ń wà, tí mẹ́ṣìn bá ti kú ó ti lọ nìyẹn.

Ọ̀kan wà tó yà kúrò nínú ìlànà yìí: /etc/machine-id, fáìlì tí ID mẹ́ṣìn wà nínú ẹ̀. Mẹ́ṣìn ló ń kọ ọ́, àmọ́ inú /etc ló wà, torí wọ́n nílò ẹ̀ nígbà tí /var lè má tíì dé. Mo ṣe kúloonù (ẹ̀dà) VM kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, rí, méjèèjì ń du IP (àdírẹ́sì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, mo fi bí ìrọ̀lẹ́ kan wá a, àṣé ID kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Kẹ́ ẹ tó ṣe kúloonù, ẹ sọ ọ́ di òfìfo, systemd, prógíráàmù tó ń tan àwọn sọ́fúwíà inú Linux tí mẹ́ṣìn bá dìde, á ṣe tuntun tí VM bá dìde:

sudo truncate -s 0 /etc/machine-id

Ẹ má fọwọ́ ara yín fi mkdir dá fódà oja inú /var/lib, /var/cache àti /run sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú unit yín (fáìlì tó ń sọ fún systemd bó ṣe máa tan oja):

[Service]
User=oja
StateDirectory=oja
CacheDirectory=oja
RuntimeDirectory=oja

systemd á dá wọn sílẹ̀, á sì fún yúsà oja ní pámíṣọ́ọ̀nù.

Tó bá jẹ́ sọ́fúwíà tí yúsà kọ̀ọ̀kan ń lò ni, ~/.config fún sẹ́tìn (~ ni fódà yúsà yẹn nínú /home), ~/.local/state fún ohun tó ń rántí, ~/.cache fún ohun tó ṣeé dànù. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti fi NFS (ọ̀nà láti pín fódà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) pín /home, mẹ́ṣìn mẹ́wàá lè máa kọ sínú fáìlì kan náà, ẹ fi hostname (orúkọ mẹ́ṣìn) mọ́ orúkọ fáìlì yẹn.