Fọ́tò tó wù ẹ́ lè má wu ẹni tó máa wò ó: àṣìṣe tí mò ń rí ní sitúdíò

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan wọ sitúdíò mi ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó ní àǹtí òun ti bá òun rí ọmọbìnrin kan tí òun lè fẹ́ ní Ìlọrin, fọ́tò tí òun máa fi ránṣẹ́ ló kù. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó fi kọ́ ìka, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Mo mọ ẹni tó ni mọ́tò náà. Kò pẹ́ ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fẹ àyà, ó sé èémí títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Mo ní, "Àbúrò, mí o, má kú sí mi lọ́rùn."

Ẹ má fi ojú ọkùnrin yan fọ́tò tí obìnrin máa wò. Nínú gbogbo àṣìṣe, èyí ló wọ́pọ̀ jù. Lọ́dún 2000, ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní Austria, Faransé àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí wọ́n mú àwòrán ara ọkùnrin tí wọ́n rò pé obìnrin fẹ́. Èyí tí wọ́n mú fi iṣan tó tó nǹkan bí kílò 14 ju ara tiwọn lọ. Ìgbà tí wọ́n bi àwọn obìnrin fúnra wọn, ara ọkùnrin bó ṣe máa ń rí, láìfi iṣan kún un, ni wọ́n mú.

Bákan náà ló rí fún àbúrò mi yìí. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní èyí tó bọ́ra sílẹ̀ ló bá a mu. Àǹtí rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ta ló ń bá a jà?" Èyí tí mo yọ́ yà nígbà tó ń de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, tó ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ tí mo sọ, òun ni àǹtí mú.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ojú ni ọkùnrin fi ń fẹ́, etí ni obìnrin fi ń fẹ́. Ẹlòmíì á wá fi fọ́tò tó ṣókùnkùn ránṣẹ́, á ní ọ̀rọ̀ dídùn á tán an. Irọ́ ni. Lọ́dún 2019, àwọn kan kó ìwádìí 61 jọ, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ èèyàn 1,850 bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán tó ń ru ìfẹ́ ara sókè. Bí ọpọlọ ọkùnrin ṣe ṣe ni ti obìnrin náà ṣe. Obìnrin ń wò dáadáa. Àwọn tó ń wá síbí, ṣe ni wọ́n á fẹ fọ́tò lójú, wọ́n á wo èékánná, wọ́n á wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bi mí léèrè ẹni tó dúró lẹ́yìn.

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yẹn náà ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1989, David Buss, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn l'Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ohun tí èèyàn ń wá lára ẹni tó máa fẹ́, èèyàn tó lé ní 10,000 láti inú àṣà 37, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ka ẹwà àti ọjọ́ orí kékeré sí ju bí obìnrin ṣe kà á sí lọ. Àwọn obìnrin ka ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ á lè gbọ́ bùkátà sí ju bí ọkùnrin ṣe kà á sí lọ. Ṣùgbọ́n àtọkùnrin àtobìnrin ló fi inúure àti ọgbọ́n ṣáájú méjèèjì. Ẹni tó gbọ́ apá kan tó fi apá kejì sílẹ̀ ló ń yá kọ́kọ́rọ́ kiri.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1985, àwọn olùwádìí méjì, April Fallon àti Paul Rozin, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Amẹ́ríkà: àwọn obìnrin rò pé tín-ín-rín ni ọkùnrin fẹ́, ju bí àwọn ọkùnrin fúnra wọn ṣe sọ lọ. Tiwa níbí tún yàtọ̀. Wọ́n á fi fóònù fún ìbàdí pọ̀, wọ́n á fẹ ìdí, ojú á funfun bí ẹ̀kọ tútù. Ọmọbìnrin kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí fọ́tò tí mo yà fún un lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Bó ṣe ń fún ìbàdí ni férémù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ká, títí tó fi tẹ̀ bí ọrun. Kò rí i, ó fi ránṣẹ́. Ọkùnrin náà ò sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ló gba fóònù, ó wò ó títí, kò bèèrè ọmọ ta ni.

Ó ní, "Bíríkìlà wo ló kọ́ ilé yìí?"