Ẹyin Alángbá: Ẹ Yéé Yí I!

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti ẹ̀yin onílé tó ń da yanrìn sílẹ̀ láti fi mọ búlọ́ọ̀kù la kọ ìwé yìí fún. Ẹyin alángbá tí ẹ fi tinútinú kó pamọ́ nígbà òjò tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló fà á: ẹ ń yí i bí ìgbà tí èèyàn ń yí ẹyin adìyẹ. A ti sọ ọ́ títí, ẹnu wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Adìyẹ tó bá sàba a máa yí ẹyin rẹ̀ lójoojúmọ́. Alángbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abo rẹ̀ á gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sínú yanrìn tútù níbi tí oòrùn ti ń ràn, á yé ẹyin 5 sí 7, á bò ó, á bá tirẹ̀ lọ. Ọlẹ̀ inú ẹyin á lẹ̀ mọ́ èèpo lápá òkè. Ẹ yí i, ẹ ti pa á.

Bí ṣọ́bìrì bá hú ẹyin jáde, ẹ dúró. Bí kò bá tíì sí èyí tó kúrò ní ipò rẹ̀, ẹ bò ó padà, ẹ ri igi mẹ́rin yí i ká, kí ẹ lọ bu yanrìn níbòmíràn. Èyí ló dáa jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sórí ẹyin kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e, kí àmì náà máa wòkè títí dópin. Ẹ po yanrìn agolo mílíìkì 8 mọ́ omi agolo 1. Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dì, kí omi má kán. Ẹ bò ó ní sẹ̀ǹtímítà 5 nínú abọ́ ike, kí ẹ má dé e pa.

Ẹ ka ọ̀sẹ̀ 8 sí 10. Ẹyin náà á máa wú, torí ó ń mu omi inú yanrìn. Ìyá kan da tirẹ̀ sí ààtàn nítorí wíwú yìí. Nígbà tí a tú ọ̀kan wò, ọmọ ti ní ìrù àti èékánná. Ó dùn wá gan-an.

Ẹ má gbé abọ́ náà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹ̀bá ààrò. Ní ìwọ̀n ooru 29 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, akọ ló ń jáde. Ní 26 sí 27, abo ni. Ẹ wá ibi tó jọ èyí tí ìyá wọn yàn.

Ìgbà yíyé kò rí bákan náà níbi gbogbo. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n lè yé ẹyin ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ìgbà òjò ni wọ́n ń rọ́ ọ sí. Alángbá orí pupa Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí àwọn oníṣòwò ẹran ọ̀sìn kó dé Florida ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń rí níbẹ̀ láti ọdún 1976, ìgbà ooru ló ń yé tirẹ̀. Òjò àdúgbò yín ni kí ẹ máa wò.

Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń sọ wọ́n lókò. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀. Èyí tó gbé ẹyin sínú ńkọ́? Oṣù 14 sí 18 ni abo ń lò kó tó dàgbà tó yíyé.

Nígbà tí ẹyin inú abọ́ bá pa, ẹ má fún àwọn ọmọ alángbá náà lóúnjẹ. Ẹ gbé abọ́ náà sẹ́bàá ebè ẹ̀fọ́ láàárọ̀. Eèrà tó wà níbẹ̀ tó wọn jẹ.