Bí Ẹ Ó Ṣe Ka Ìwé Àdéhùn Rélùwéè Ilẹ̀ Ṣáínà Láyé Ọba Qing

Ìwé tí Ṣáínà fi yáwó lọ́wọ́ àwọn ará òkèèrè láti fi la rélùwéè, nígbà tí ìdílé ọba Qing ń ṣàkóso, ni mo ń sọ. Ẹ mú pẹ́ńsùlù dání, ẹ má sì ti ibi èlé bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lèmi ń kọ́kọ́ wò tẹ́lẹ̀, kò sì là mí lójú, torí èlé 5 nínú ọgọ́rùn-ún kan náà ló wà nínú púpọ̀ wọn. Iye tó tẹ ẹni tó yáwó lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ wá. Àdéhùn Shanghai sí Nanjing, ọdún 1903, fi í sí 90: bí Ṣáínà bá jẹ gbèsè £100, £90 ló rí gbà, àmọ́ orí £100 pípé ló ti ń san èlé. Nígbà tó fi máa di àdéhùn Huguang, ìyẹn ti rélùwéè agbègbè Hubei àti Hunan, lọ́dún 1911, ó ti gòkè dé 95. Síbẹ̀, nínú £6,000,000 tí Ṣáínà yá níbẹ̀, £300,000 kò dé ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí wọ́n fi dógò, kẹ́ ẹ sì rọra kà á. Rélùwéè Shanghai sí Nanjing fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi dógò fáwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ti Tianjin sí Pukou, 1908, owó ibodè táwọn ìpínlẹ̀ ń gbà lórí ọjà ni. Ìjọba Qing ló sì di ìdarí iṣẹ́ mú. Mo fẹ́ràn àdéhùn yìí gan-an, torí ó hàn níbẹ̀ pé àwọn Ṣáínà tó ń dúnàádúrà ti kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọ̀gá ẹnjinníà ará Jámánì ló ṣe é láti Tianjin dé ààlà gúúsù ìpínlẹ̀ Shandong, Gẹ̀ẹ́sì gbà á níbẹ̀ dé Pukou.

Nítorí náà, ẹ má fo ibi tó sọ̀rọ̀ ọ̀gá ẹnjinníà. Lórí ọ̀nà Beijing sí Zhangjiakou, Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí Rọ́ṣíà là á, Rọ́ṣíà ò sì gbà kí Gẹ̀ẹ́sì là á. Ni Ṣáínà bá kó èrè rélùwéè rẹ̀ tó wà ní àríwá lé e lórí, Zhan Tianyou, ẹnjinníà ọmọ ilẹ̀ wọn, sì là á láti 1905 dé 1909. Kò sí ìwé ẹ̀yáwó kankan fún un. Inú mi máa ń dùn tí mo bá débẹ̀.

Ó ku ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Létí ìwé Huguang, ẹ kọ ọjọ́ 9 àti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, 1911. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àṣẹ ọba gba àwọn rélùwéè ńlá kúrò lọ́wọ́ àwọn ará ìpínlẹ̀ tó ti dáwó lé e. Lọ́jọ́ kejì, Sheng Xuanhuai, mínísítà ìjọba Qing tó ń bójú tó rélùwéè, tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn báńkì Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Amẹ́ríkà. Ọjọ́ mọ́kànlá péré! Owó ibodè àti owó orí iyọ̀ Hubei àti Hunan ni wọ́n fi dógò. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Sichuan tó ti ra ìpín nínú rélùwéè fárígá, nígbà tó sì di ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, àwọn sójà dìtẹ̀ sí ìjọba Qing ní Wuchang, olú-ìlú Hubei.