Tí kánsà ọyàn bá padà wá: ohun tẹ́ ẹ lè ṣe kí dókítà tó pè yín padà

Ẹ̀yìn dídùn lásán ni mo pè é o. Mo ní bóyá àpò ìrẹsì tí mo gbé ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn ni, mo ń fi Robb pa á, mo ń lo Panadol, oṣù méjì kọjá, kàkà kó lọ ńṣe ló ń dùn mí lóru ju ọ̀sán lọ, ìgbà tí mo wá lọ ya àwòrán ẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi pé kánsà ọyàn tí wọ́n ti gé fún mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ló padà, ó ti wọ egungun ẹ̀yìn. Dókítà ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé àwọn fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi kí àwọn tó mọ oògùn tó kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Mo ní ṣé kí n máa wo ara mi níran ni.

Ẹni tó bá wà nínú irú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀, àwọn kan níbẹ̀ ò sì ṣeé fi dúró de dókítà rárá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ dúró. Kánsà ọyàn tó bọ́ sínú egungun, tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ, kánsà ọyàn náà ló ṣì jẹ́, oògùn ọyàn ni wọ́n máa fi bá a jà. Àmọ́ ó lè yí ìwà padà. Èyí tó ń jẹun lára hòmóònù obìnrin nígbà yẹn lè máà jẹ ẹ́ mọ́ báyìí, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fẹ́ tún gé díẹ̀ níbi tó ti yọ, tí ọwọ́ bá lè débẹ̀, kí láàbù yẹ̀ ẹ́ wò fún ER àti PR (ibi tí hòmóònù obìnrin ti ń dì mọ́ kánsà lára) àti HER2 (èròjà kan tó ń mú kánsà dàgbà kíákíá tó bá pọ̀ jù). Lẹ́tà lásán ni o, ṣùgbọ́n àwọn ló ń pín ọ̀nà. Tí ER tàbí PR bá wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn oníhóró lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò, bíi letrozole, kí wọ́n fi ribociclib tàbí palbociclib tì í lẹ́yìn tí owó bá wà (owó ńlá ni, mi ò ní purọ́ fún yín). Tó bá jẹ́ HER2 ló pọ̀, trastuzumab wà, láti 1998 ni wọ́n ti ń lò ó. Tí kò bá sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irú ìyẹn sì wọ́pọ̀ láàárín àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ, chemo ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé oògùn lé yín lọ́wọ́ láì dárúkọ mẹ́ta yìí, ẹ bi í ní ìdí ẹ̀.

Iṣẹ́ tó kàn, ìwé àtijọ́ ni. Ìwé láàbù, ìwé iṣẹ́ abẹ, orúkọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti gbà àti iye ìgbà, pàápàá oògùn pupa yẹn, doxorubicin, torí ó níye tí ọkàn èèyàn lè gbà láyé ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ iye tẹ́ ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ tún béèrè fún block. Block ni ẹran ara tí wọ́n gé lára yín nígbà yẹn tí wọ́n rì sínú ìda, láàbù ṣì lè tún un yẹ̀ wò. Níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ní fáìlì mi ò sí. Mo tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. Bàbá kan ní láàbù ló ṣàánú mi, ó gun àga, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà lọ lára àwọn páálí tí eruku ti bò, ìgbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, nǹkan pẹlẹbẹ kan ló gbé lé mi lọ́wọ́, kò tó ìdajì ọṣẹ hòtẹ́ẹ̀lì, funfun, pẹ̀lú nǹkan kékeré kan láàárín ẹ̀ bíi ẹ̀wà tó gbẹ. Mo ní, "Bàbá, ṣé èmi nìyí?" Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni o, Màmá. Ẹ má fi sínú oòrùn, ó máa yọ́." Mo wé e sínú nylon méjì, mo fọwọ́ bò ó nínú Micra títí mo fi délé. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé láàbù yín ni wọ́n fi ń wá a, ẹ mú un dání.

Ó wá kan èyí tí kò ṣeé fi dúró. Tó bá ti wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tàbí tó ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn lára ẹ̀, tẹ́ ẹ fẹ́ tọ̀ tí ò wá, tàbí tó ń wá fúnra ẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ má tiẹ̀ dúró kílẹ̀ mọ́, ẹ wọ mọ́tò lọ sí pàjáwìrì kẹ́ ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé "mo ní kánsà ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi ń kú lọ." Tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn lè má padà bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí èémí bá ń há, tí orí ń fọ́ tó ń fa èébì, tàbí tí òùngbẹ àrà ọ̀tọ̀ ń gbẹ yín, tí ìgbẹ́ le, tẹ́ ẹ wá ń sọ ìsọkúsọ. Ní ti òùngbẹ, ìgbẹ́ líle àti ìsọkúsọ yẹn, kálísíọ̀mù lè ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Ìrora náà, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fi dúró. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ aago tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó wà, iye tí mo fún un láti òdo dé 10, oògùn tí mo lò àti bóyá ó gbọ́. Ẹ mọ̀ wá, wọ́n á ní ṣó ń dùn yín, a ní "ó ti ń ṣe díẹ̀, a dúpẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "a dúpẹ́" sílẹ̀ fún àwọn tó wá kí yín nílé, dókítà ò lè fi kọ oògùn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mu morphine olómi, ẹ mu ún, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ kàn gba oògùn ìgbẹ́ mọ́ ọn torí ó máa ń dí inú. Ní UCH n'Ìbàdàn níbí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìrora gan-an niṣẹ́ wọn, hospice ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹ lè béèrè wọn láti ọjọ́ kìíní. Iná radiotherapy náà wà fún egungun tó ń dunni, nígbà míì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa tàn án, ó ti tó. Àmọ́ ẹ pe ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ béèrè pé ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lónìí.

Ní ti àgbo, àǹtí mi gbé ìgò méjì wá láti Ìsẹ́yìn. "Ìyá Bọ́dé, mu ún, ewé lásán ni." Mo ní, "Àǹtí, ẹ ṣé gan-an, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ná." Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni wọ́n máa fi díwọ̀n oògùn, tí àgbo bá ti dà wọ́n rú, èsì náà máa dàrú. Tẹ́ ẹ bá ti mu ún, ẹ sọ fún dókítà, kódà tó bá máa bínú.

Òru ló burú jù. Aago méjì, ẹ ti gbé fóònù, ẹ ń ka iye ọdún tí èèyàn máa ń lò láyé, iye yẹn sì jẹ́ ti àwọn tó gbàtọ́jú nígbà tí ọ̀pọ̀ oògùn tòní ò tíì dé. Mo gbé fóònù fún Bọ́dé, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà ilé wa ò ní òkúta kan rárá lóṣù yẹn.

Tí ọjọ́ bá pé, ẹ mú ẹnì kan dání tó lè kọ nǹkan sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ tọrọ àyè láti fi fóònù gbohùn. Ẹ bi wọ́n: kí lẹ fẹ́ kí oògùn yìí ṣe fún mi? Báwo la ṣe máa mọ̀ pó ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo la tún máa ya àwòrán? Ṣé ẹ máa fún mi ní abẹ́rẹ́ egungun, zoledronic acid? (Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà eyín, torí abẹ́rẹ́ yẹn lè ba egungun àgbọ̀n jẹ́ tí wọ́n bá ń yọ eyín lẹ́yìn ẹ̀.) Èló ni lóṣù kan, títí dìgbà wo? Ìtọ́jú ìsìnyí kì í ṣe ti kẹ́ ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó parí bíi ti àkọ́kọ́, a máa ń lò ó níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbọ́ tí ara sì gbà á, torí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ èyí tí owó ẹ̀ máa tán lóṣù kejì láì sọ síta, ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tó súnmọ́ ọn tí apá yín ká, kẹ́ ẹ sì béèrè àwọn social welfare ilé ìwòsàn náà.

Ẹ tètè dé. Kẹ́ ẹ mú ìrọ̀rí kékeré kan dání, irin ni àga ibẹ̀.