Bí Ẹ Bá Fẹ́ Kí Wọ́n Gé Awọ Tó Ń Fì Lábẹ́ Apá Yín

Nọ́ọ̀sì ni mí. Egbò ni mò ń wẹ̀ fún àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ: mo ṣe é ní Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣe é báyìí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Sùúrùlérè fọn tán, tí awọ abẹ́ apá wọn wá ń fì bí wọ́n bá juwọ́ sí èèyàn, èmi ni wọ́n pè. Ohun tí mo sọ fún wọn lórí fóònù ni mo kọ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń sanwó iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dúró níwájú díńgí. Ẹ na apá sí ẹ̀gbẹ́ kó ṣe déédéé pẹ̀lú èjìká, ẹ ká ìgúnpá sókè, kí ẹ wá fi ìka ọwọ́ kejì fa ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ohun tí ẹ dì mú bá nípọn, ọ̀rá ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè má nílò kí wọ́n gé awọ rárá. Kó fọn sí i, tàbí kí wọ́n fa ọ̀rá yẹn nìkan, lè tó o. Bó bá fẹ́lẹ́, tó jẹ́ pé awọ lásán lẹ ń fà, ọ̀bẹ nìkan ló lè mú un kúrò. Awọ tí ọ̀rá ti fẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún dà bí rọ́bà ìdí síkẹ́ẹ̀tì tó ti já: ohun tó ń fà á padà kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Gbígbé irin ń mú ẹran apá le, ó sì dára fún ara, ṣùgbọ́n kì í dín awọ kù. Ìpara tí wọ́n ń polówó pé ó ń sún awọ pọ̀ kò lè ṣe é. Ẹ má fi owó yín ra á.

Bí ara yín bá ṣì ń joro lọ, ẹ dúró. Àwọn dókítà máa ń fẹ́ kí ìwọ̀n ara ti dúró sójú kan fún bí oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn láti fi fọn máa ń dúró tó oṣù 12 sí 18. Ẹni tí wọ́n gé awọ rẹ̀ lónìí, tó tún fọn kílò mẹ́wàá lọ́la, awọ mìíràn ni yóò tún máa fì. Ẹ̀gbọ́n mi bínú díẹ̀ nígbà tí mo sọ eléyìí, nítorí ayẹyẹ kan ń bọ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ aṣọ aláìlápá sí. Mo ní kí wọ́n rán apá síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan àpá. Ibi tí mo ti máa ń pẹ́ jù nìyí, torí òun ni àwọn tó ń polówó kì í fi hàn. Ohun tí ẹ ń ṣe ni pé ẹ ń fi awọ tó ń fì pààrọ̀ àpá gígùn kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, láti abíyá títí dé ìtòsí ìgúnpá. Àwọn dókítà kan ń gbé e sí inú apá, níbi tó máa ń fara kan ìhà. Àwọn mìíràn ń gbé e sẹ́yìn. Ẹ ní kí dókítà fi bírò fa ìlà náà sára yín, kí ẹ wọ bùbá yín tó kúrú lápá jù lọ, kí ẹ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń jó, kí ẹ wá wò ó. Bí ẹ kò bá lè fara mọ́ ìlà bírò yẹn, ẹ kò ní fara mọ́ èyí tí kò ní parẹ́. Ìlà kékeré wà lóòótọ́ tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú abíyá, ṣùgbọ́n ẹni tí awọ rẹ̀ kò rọ̀ ju ìtòsí abíyá lọ ló wà fún. Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun máa fi ojú ọgbẹ́ kékeré kó awọ tó rọ̀ dé ìgúnpá kúrò, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Àwa aláwọ̀ dúdú ní ọ̀rọ̀ tiwa lórí àpá. Kílọ́ìdì, ìyẹn àpá tó wú, tó le, tó ń yún, tó sì ń tàn kọjá ibi tí ọgbẹ́ mọ, máa ń bá wa jà ju àwọn òyìnbó lọ. Ara yín ti kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ kà á. Ẹ wo ibi tí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ní kékeré, lókè apá òsì, nítorí apá gan-an lẹ fẹ́ kí wọ́n gé. Ẹ wo ibi tí wọ́n lu etí yín, ojú gbẹ́rẹ́, ojú iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ibi tí irorẹ́ ti yọ láyà. Ẹ bi ìyá yín àtàwọn tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá wú, ẹ fi han dókítà kó tó dá ọjọ́. Kò túmọ̀ sí pé kò ní ṣe é. Ó lè ṣètò abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú àpá kó má bàa wú sí i. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé gbogbo ojú ọgbẹ́ ara yín ló ń wú, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi awọ yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Awọ tó ń fì kì í yún èèyàn lóru.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń fi pamọ́ fún dókítà: ìpara ìbóra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Ẹni tó ti ń fi ìpara tó ní hydroquinone tàbí clobetasol para fún ọdún pípẹ́, awọ rẹ̀ á ti fẹ́lẹ́, òwú á máa fà á ya, ojú ọgbẹ́ á sì pẹ́ kó tó jinná. Mo ti wẹ irú egbò bẹ́ẹ̀ rí, ní Ìbàdàn. Wọ́n rán an dáadáa, abẹ́rẹ́ àti òwú kò ní ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ojú rírán ń là lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ abíyá, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni torí ojú ń tì í. Kò sí nọ́ọ̀sì tó dáa tó máa fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ sọ orúkọ ìpara náà, ẹ sọ ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sọ bí ẹ ó ṣe máa dín in kù, torí a kì í já irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ta ni kó ṣe é? Dókítà tó kọ́ iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ní pàtó. Ní Nàìjíríà, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ọdún yìí láti ọ̀dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà ní àṣẹ iṣẹ́, kí ẹ sì bèèrè bóyá ó ní FWACS tàbí FMCS, ìyẹn oyè àwọn oníṣẹ́ abẹ tó kẹ́kọ̀ọ́ síwájú, nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH àti ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì ní ẹ̀ka iṣẹ́ yìí, ẹ sì lè lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbọ́ ti aládàáni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn dókítà onímọ̀ àkànṣe (Specialist Register) lọ́dọ̀ GMC, àjọ tó ń fún àwọn dókítà ní àṣẹ iṣẹ́ níbẹ̀. Láti ọdún 2016 ni GMC ti ní kí dókítà tó máa di ọ̀bẹ mú gan-an jókòó pẹ̀lú yín láti gba ìfọwọ́sí yín. Kì í ṣe akọ̀wé tàbí ẹni tó ń tajà fún un. NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, kì í sábà san owó iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ṣe é níbòmíràn torí owó, ẹ mọ̀ pé jíjókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ẹ má wọ̀ ọ́ padà títí dókítà yóò fi ní ó tó. Ẹ bèèrè ẹni tí yóò wẹ egbò náà bí ẹ bá ti délé.

Kó tó di ọjọ́ náà, wọn á yẹ ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá àti ṣúgà yín wò. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ti kápá rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, egbò kò ní tètè jinná. Ẹni tí wọ́n ti yọ kókó abíyá rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ọmú gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí apá yẹn lè wú kó má sì fà mọ́. Sìgá àti ṣíṣà dúró, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́yìn rẹ̀.

Lórí oògùn, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú àpò kan, kí ẹ gbé e dání lọ. Ẹ fi àgbo kún un, ẹ fi tíì ìfọn kún un, ẹ fi oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kún un. Alabukun tí gbogbo wa fi ń tọ́jú orí fífọ́, aspirin ló wà nínú rẹ̀, aspirin sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tú. Dókítà ló máa sọ èyí tí ẹ ó dáwọ́ rẹ̀ dúró, tó sábà máa ń jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àti èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, bíi ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àgbo ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá títí wọn yóò fi ní kò séwu mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó lè ṣe pẹ̀lú oògùn oorun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ kò ní jẹun fún wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Dókítà á fa ìlà sí apá yín nígbà tí ẹ ṣì dúró, tí ẹ la ojú, torí awọ kì í rọ̀ bákan náà béèyàn bá dùbúlẹ̀. Wọn á fi oògùn kùn yín lóorun. Iṣẹ́ náà sábà máa ń gba wákàtí méjì sí mẹ́ta. Tí ẹ bá jí, ẹ ó rí báńdéèjì láti abíyá dé ìsàlẹ̀ apá, nígbà mìíràn pẹ̀lú rọ́bà tín-ín-rín tó ń fa omi ara jáde sínú ìgò kékeré.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ìrora ni yóò jẹ́ ìṣòro. Rárá o, oògùn wà fún ìyẹn. Ìṣòro ni pé ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ rò ó wò. Ẹ kò ní gún iyán. Ẹ kò ní pọn ọmọ. Ẹ kò ní fa garawa omi. Ẹ kò ní na ọwọ́ di irin mú nínú bọ́ọ̀sì. Gèlè kò ṣeé wé, torí gèlè ń fẹ́ kí ìgúnpá méjèèjì ga ju èjìká lọ. Ẹ lọ di irun yín kí ọjọ́ tó kò, kó jẹ́ dídì tó lè pẹ́ lórí, torí ẹ kò ní lè yà á. Ẹ wá aṣọ tó ní bọ́tìnnì níwájú tàbí ìró tí ẹlòmíràn lè ró fún yín; aṣọ tí wọ́n ń gbà lórí wọ̀, ẹ kó o kúrò lójú. Kí ẹnì kan máa gbé pẹ̀lú yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó jẹ́ ẹni tí ojú kò ní tì yín bó bá ń bá yín wẹ̀. Ohun tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù sí ibi tí kò ga ju ìgbáròkó lọ.

Bí ẹ bá jókòó tàbí tí ẹ sùn, ẹ gbé apá lé ìrọ̀rí, kí ọwọ́ má bàa wú. Ẹ máa ká ìka ọwọ́, kí ẹ sì máa rìn nínú ilé láti ọjọ́ kìíní. Wọn á fún yín ní aṣọ tó ń fún apá mọ́ra típẹ́típẹ́, tọ̀sán-tòru, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ ra méjì, kí ọ̀kan wà lára nígbà tí ìkejì ń gbẹ. Ooru Èkó kò gbọ́dọ̀ mú yín bọ́ ọ sílẹ̀. Inú apá lè kú tipiri dé ìsàlẹ̀ ìgúnpá, torí iṣan ìmọ̀lára kan gba ibẹ̀ kọjá. Ó sábà máa ń padà díẹ̀díẹ̀. Fún àwọn kan, kì í padà tán.

Ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí apá kan bá ṣàdédé wú ju èkejì lọ tó sì ń le, bí ibà bá dé, bí egbò bá ń rùn tàbí ó ń ṣọyún. Bí àyà bá ń dun yín tàbí èémí kò délẹ̀, ẹ má pe ẹnikẹ́ni ju ọkọ̀ tó máa gbé yín lọ. Bí ojú rírán bá là díẹ̀ lábíyá tàbí nítòsí ìgúnpá, ẹ má bẹ̀rù; ó wọ́pọ̀, à ń wẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dí. Ẹ má ṣáà fi ewé tàbí eérú sí i.

Lẹ́yìn tí ojú ọgbẹ́ bá ti dí pátápátá, tí kò ní èépá mọ́, ìgbà yẹn ni ìtọ́jú àpá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀já sílíkónì ni mo fọkàn tán jù: ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún bíi wákàtí méjìlá lójúmọ́, fún oṣù méjì sí mẹ́ta, ó kéré tán. Òrí dára fún wíwọ́ ọ jẹ́jẹ́, kí awọ má bàa gbẹ. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ fún oòrùn, kó má bàa dúdú ju ara tó kù lọ. Àpá náà á kọ́kọ́ nípọn, á dúdú, ní bí oṣù kẹta ẹ lè rò pé ó bàjẹ́. Ó ń rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì lè gbà tó oṣù 12 sí 18 kó tó parọ́rọ́. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í sábà gbà láti tún àpá náà gé kí ọdún kan tó pé. Ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún, tó ń le, tó sì ń gòkè, ẹ má dúró de ọdún kankan. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀, torí abẹ́rẹ́ ń ràn án lọ́wọ́ jù nígbà tó ṣì kéré.