Àwọn àṣìṣe tó ń fi owó yín ṣòfò nídìí ìwé ìtàn àràmàǹdà

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò kan tó ń kàwé ní FUTA gbé náílọ̀n dúdú wá bá mi nílé. Mo tú u, mo bá ìwé mẹ́ta níbẹ̀, The Lord of the Rings lódindi, tuntun, ẹ̀yìn wọn ò tíì ká rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi rà á, ₦27,000 ni mo rà á, ẹ fún mi ní ₦12,000." Mo ní ṣé o ti kà á tán ni, ó ní rárá o, òun ò kà ju bí ogójì ojú ewé lọ nínú àkọ́kọ́, pé ọjọ́ ìbí ni wọ́n kàn ń ṣe ṣáá níbẹ̀. Àyà mi já. Kì í ṣe torí ìwé náà, torí owó ọmọ náà ni, owó oúnjẹ ọmọ iléèwé ni ₦27,000 yẹn, òun sì kọ́ ni àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, òun ni ìkẹrin.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ka irú ìwé yìí ní Àkúrẹ́ níbí, ìwé iwin àti oṣó, ìwé dírágónì, ìwé ọkọ̀ tó ń gbéni lọ sí ayé míì, mo ń kà wọ́n mo sì ń tún wọn kà, àwọn kan wà tí mo ti kà nígbà mẹ́fà méje. Ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ báyìí ń dùn mí. Wọ́n ń rà ju bí wọ́n ṣe ń kà lọ, èyí tí wọ́n bá sì kà, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tán. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi.

1. Ẹ má ra odindi síríìsì nígbà tí ẹ ò tíì ka ẹyọ kan. Ìwé mẹ́ta tí àbúrò yẹn gbé wá, ìwé kan ṣoṣo ni Tolkien kọ ọ́ sí o. Bébà wọ́n lẹ́yìn ogun nígbà yẹn ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ fi gé e sí mẹ́ta, wọ́n wá ń mú un jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti 1954 sí 1955. Àwọn tó kọ́kọ́ kà á láyé pàápàá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rà, wọ́n sì dúró de èyí tó kù, kí ló wá ń lé ẹ̀yin? Ẹ kọ́kọ́ wá The Hobbit, 1937 ló ti jáde, ó kéré, ọmọdé ló kọ ọ́ fún. Bí ẹ bá kà á tán tó wá ń ṣe yín bíi kí ẹ tún padà sí ojú ewé kìíní, ẹ lọ ra èyí tó kàn. Bí kò bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, owó yín ṣì wà lápò.

2. Ẹ má tẹ̀lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé. Ẹ wo Narnia ti C. S. Lewis, ìwé méje ni, The Lion, the Witch and the Wardrobe ló kọ́kọ́ jáde ní 1950. Ṣùgbọ́n nínú àwọn èyí tí wọ́n ń tà báyìí, The Magician's Nephew ni wọ́n kọ 1 sí lára, ìwé tó jẹ́ pé 1955 ló jáde, torí pé ìtàn inú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tẹ̀lé nọ́ńbà yẹn. Mo wá bi í pé nígbà tí Lucy gba inú kọ́bọ́ọ̀dù já sínú igbó oníyìnyín, tó rí òpó iná kan tó dá dúró tó ń tàn láàárín igi, báwo ló ṣe rí lára ẹ? Ó ní kò rí bákan, òun ti mọ ibi tí òpó iná yẹn ti wá. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ti bá a tú àlọ́ kó tó gbọ́ àlọ́. Bí ìwé ṣe jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀lé, ìgbà kejì tí ẹ bá ń kà á, ẹ wá lè tò ó bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀.

3. Bí ẹ ò bá ní sùúrù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ síríìsì A Game of Thrones ti George R. R. Martin, 1996 ni àkọ́kọ́ jáde, 2011 ni ìkarùn-ún, ìkẹfà ò tíì jáde títí mo fi ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gígùn tó ti parí, The Wheel of Time wà, ìwé mẹ́rìnlá láìka kékeré kan tó ṣáájú, láti 1990 dé 2013, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kú ní 2007, ẹlòmíì ló bá a parí ẹ̀.

4. Ayédèrú. Mo mọ̀ pé owó ò sí, èmi náà ń ra tòkunbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò sí ohun tó burú nínú tòkunbọ̀, ìwé gidi tí ẹlòmíì ti kà ni. Ayédèrú ni mò ń sọ. Ní 2009 mo ra Dune ti Frank Herbert lápá Ọjà Ọba, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán, mò ń kà á lọ títí mo fi dé ojú ewé 192, mo ṣí i, ni mo bá rí 161. Mo rò pé oorun ló ń kùn mí. Àṣé 161 sí 192 ló tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó sì parí, 225 ló kàn. Ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n ti lọ, ibi tí ìtàn ti gbóná sì ni. Ohun tó ń fà á ni pé wọn kì í tẹ ìwé ní ewé kọ̀ọ̀kan, bébà ńlá ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n á ká a di ìdì kékeré, ojú ewé mẹ́rìndínlógún tàbí méjìlélọ́gbọ̀n nínú ìdì kan, wọ́n á to àwọn ìdì yẹn tira kí wọ́n tó lẹ ẹ̀yìn wọn pọ̀. Ẹni tó ń sáré tẹ ayédèrú mú ìdì kan lẹ́ẹ̀mejì, ó gbàgbé èyí tó kàn. Torí náà kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ìwé níbi bíi mẹ́fà, ẹ wo nọ́ńbà bó ṣe ń tẹ̀ léra, kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá ń kùn sí yín pé ẹ ń pẹ́ jù, ẹ fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

PDF tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù, ẹni tó kọ̀wé ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

5. Ẹ má dá ìwé Fágúnwà padà torí sípẹ́lì. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá ẹ̀dà àtijọ́ kan padà fún màmá tó tà á fún un, ó ní àṣìṣe pọ̀ nínú ẹ̀, pé wọ́n kọ "enia", wọ́n kọ "aiye", wọ́n kọ "nwọn". Kì í ṣe àṣìṣe o. Bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá nígbà yẹn nìyẹn, 1974 ni àkọtọ́ tí à ń lò báyìí fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ wa sì ni Fágúnwà, Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí ní 1903, 1938 ló gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ọdún kan péré lẹ́yìn The Hobbit. Àwọn kan tó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló jẹ́ pé ti èdè Òyìnbó tí Ṣóyínká túmọ̀ ní 1968 ni wọ́n lọ ń rà. Ṣóyínká ṣiṣẹ́, mi ò sọ pé kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹni tó ní kànga lẹ́yìnkùlé á máa ra omi inú ike? Ẹ ka ti Yorùbá, ẹ sì kà á sókè, bí Fágúnwà ṣe ń to ọ̀rọ̀ léra yẹn, etí ló wà fún.

Wàyí o, èyí tó ń dùn mí jù. "Mo ti kà á."

Ẹ bi wọ́n pé báwo ni ìwé tó dára báyìí ṣe wá wà nísàlẹ̀ àpò ìrẹsì, wọ́n á ní mo ti kà á. Bí ìgbà tí wọ́n ní kéèyàn wá jẹun tó ní òun ti jẹun rí. Orin tí ẹ fẹ́ràn, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lẹ gbọ́ ọ? Àlọ́ ìjàpá tí ìyá àgbà ń pa fún wa, a mọ ibi tí ìjàpá máa já sí, a ṣì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un pa, bí wọ́n bá sì fo orin àárín ẹ̀, a máa pariwo. Ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ̀ ń sá tẹ̀lé, ẹ ò ní ráyè wo ọ̀nà.

Ẹ̀dà Ògbójú Ọdẹ tó wà lọ́wọ́ mi, bàámi ló rà á. Mo kọ ọdún mẹ́ta sínú èèpo iwájú ẹ̀, 1994 ní pẹ́ńsù, 2007 ní bírò búlúù, 2021 ní bírò dúdú. Ní 1994 ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, kò síná lálẹ́ ọjọ́ náà, bàámi ń kà á sókè nídìí àtùpà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo tí mo gbé lọ sórí ẹní ni ojú mẹ́rìndínlógún tó wà lórí Agbákò, abàmì ẹ̀dá inú igbó yẹn, mi ò lè dá jáde lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní 2007 mo tún un kà, Agbákò ò bà mí lẹ́rù mọ́, àwọn ọdẹ tó ń lọ sí Òkè Lángbòdó ni mò ń wò, Kàkó, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀, bí ti olúkúlùkù ṣe yàtọ̀, bí alágbára ò ṣe lè ṣe ti ẹni tó gbọ́n.

Bàámi kú ní 2020. Ọdún tó tẹ̀ lé e mo ṣí ìwé náà, mi ò tíì dé inú igbó rárá tí mo fi dáwọ́ dúró. Níbẹ̀rẹ̀ ni: bàbá arúgbó kan tọ ẹni tó ń kọ̀wé wá, ó ní kó mú kálàmù àti bébà kó kọ ìtàn òun sílẹ̀, kó má fi di ọjọ́ míì, torí ẹ̀rù ń ba òun pé òun lè kú lójijì kí ìtàn náà sì bá òun lọ. Mo ti gba ibẹ̀ yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì rí, mo kàn ń sáré kí n lè tètè dé ọ̀dọ̀ Agbákò ni. Bàámi alára ló sì kà á fún mi. Bàámi ní ìtàn tirẹ̀, bí wọ́n ṣe fẹsẹ̀ rìn láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ibi tí wọ́n sùn sí, ẹni tó fún wọn ní iṣu sísun lọ́nà, mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mi ò kọ ọ́. Mo jókòó ti ìwé yẹn lọ́jọ́ náà, mo sunkún.

Ṣé ẹ wá rí i? Ká ní mo ti tà á ní 1994 torí pé mo ti kà á ńkọ́?

Ìwé ìtàn tó dá lórí sáyẹ́ǹsì náà rí bẹ́ẹ̀. Parable of the Sower ti Octavia Butler, 1993 ló jáde, àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ọmọbìnrin kan ni, July 2024 ló sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, 2024 jìnnà bí ojú ọ̀run. Mo wá tún un kà nígbà tí 2024 dé lóòótọ́, omi tó wọ́n ju epo lọ, odi tí wọ́n mọ yí àdúgbò ká, àwọn èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rin lójú títì pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, mi ò lè kà á lálẹ́ mọ́, ọ̀sán ni mo fi parí ẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo máa ń kọ ọdún sínú èèpo, mo máa ń jẹ́ kó tó ọdún kan ó kéré tán kí n tó tún un kà, bí síríìsì bá sì ní ìwé tuntun, mo máa tún èyí tó ṣáájú kà kí n tó ra tuntun. Ìyẹn nìkan ti gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ òfò, torí nígbà míì, tí mo bá tún ti àkọ́kọ́ kà, mo máa rí i pé kò wù mí débi kí n ra èkejì.

5, àbí 6 ni mo dé. Ẹ má fo àkọlé orí. Rosewater ti Tade Thompson gba Arthur C. Clarke Award ní 2019, ìlú kan ní Nàìjíríà ni, ní 2066, tí wọ́n kọ́ yí nǹkan roboto kan ká bí igbá ńlá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ohun tó ti ayé míì wá ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ìtàn yẹn ń lọ síwájú ó ń padà sẹ́yìn, ọdún àti ìlú sì wà lókè orí kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn á fò ó, wọ́n á wá ní ìwé náà ò yé àwọn, wọ́n á jù ú sílẹ̀.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ràn jù, ẹ má yá ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì kó ìwé sínú páálí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lásìkò òjò 2013 mo fa páálí kan jáde, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣí i, àwọn ìwé tò dáadáa bí mo ṣe tò wọ́n, mo mú ọ̀kan, ó run sí mi lọ́wọ́, erùpẹ̀ pupa ló dà jáde. Ikán ti gba ìsàlẹ̀ wọlé, wọ́n jẹ inú wọn tán, wọ́n fi èèpo sílẹ̀. Ìwé mọ́kàndínlógún. Láti ìgbà yẹn, búlọ́ọ̀kù ni mo ń tò, mo máa gbé pákó lé e, kó jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, mo sì máa ń kó gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí n wo ẹ̀yìn wọn.

Àbúrò tó gbé náílọ̀n wá ńkọ́, mi ò ra ìwé ẹ̀. Mo mú okùn, mo di èkejì àti ìkẹta pọ̀, mo ní kó lọ gbé wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ ò ti ní tètè tó wọn, àkọ́kọ́ nìkan ni kó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kó padà sí ojú ewé kìíní, mẹ́wàá mẹ́wàá lálẹ́, kó má sáré. Ó lọ, ojú ẹ̀ ò dùn. Àná ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láago mọ́kànlá alẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ torí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ti sùn, ó ní nínú ìwé náà, wọ́n ti dé ilé àlejò kan báyìí, ọkùnrin kan jókòó sí igun níbẹ̀, ó ń fa páìpù, ó kàn ń wò wọ́n ni, ẹ̀gbọ́n, ta ni yẹn, ṣé èèyàn burúkú ni?

Mo ní mi ò ní sọ fún ẹ.